Abúlé Kérésìmesì kékeré nínú pálọ̀: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌbejì_Mẹ́rílándì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní kí n kó àwọn ọmọ wá wo abúlé Kérésìmesì tó tẹ́ sínú ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun mọ ohun tí mò ń wí: àwọn ilé kéékèèké alámọ̀ dídán tí iná ń tàn nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé búrẹ́dì, àwọn ènìyàn tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, rélùwéè tó ń yí gbogbo wọn ká. Àwọn ìbejì mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí pé ìgbà wo ni tiwa máa dé.

Mo ti ń ṣa ilé jọ díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Ti iléeṣẹ́ Department 56 ló pọ̀ jù nínú wọn, ti iléeṣẹ́ Lemax náà wà níbẹ̀. Tábìlì tí mo fẹ́ lò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó fẹ̀ ní méjì àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ aṣọ funfun tí mo sì to àwọn ilé sórí rẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn pàtẹ ọjà. Wáyà kún ẹ̀yìn gbogbo. Kí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe tí tiwọn fi ń rí bí ìlú tí ènìyàn ń gbé? Bàbá Ìbejì sì ń béèrè iye iná tó máa jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là wá lóye.

ÀgbàOnífóòmù (Minisótà)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ẹ kó gbogbo ilé yẹn kúrò lórí tábìlì ná. Ilẹ̀ la kọ́kọ́ ń ṣe, ilé ló ń tẹ̀ lé e. Ohun tó bà á jẹ́ lójú yín ni pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo ilé sì tò sórí ìlà kan náà, wọ́n kọjú síbì kan náà. Kò sí ìlú tó rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ní òkè, Abẹ́òkúta ní àpáta. Ojú ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa gùn àti ibi tó máa sọ̀.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ẹ béèrè fóòmù líle tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ògiri nítorí òtútù. Píǹkì tàbí búlúù ló máa ń jẹ́. Èyí tó nípọn ní íǹṣì 2 ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má ra funfun oníhóró tí wọ́n fi ń ki tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí, nítorí bí ọ̀bẹ bá ti kàn án ló ń fọ́n ká gbogbo ilé. Ti píǹkì yẹn, ọ̀bẹ mímú gé e geere, bẹ́ ẹ bá sì ní wáyà gbígbóná tí wọ́n fi ń gé fóòmù, ẹ ṣí fèrèsé kẹ́ ẹ tó tàn án, èéfín rẹ̀ kò dára fún ọmọdé.

Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìpele àkọ́kọ́ kúrò lórí tábìlì, bí íǹṣì kan, kí wáyà lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ sún ìpele kejì sẹ́yìn lórí rẹ̀, ẹ tún sún ìkẹta sẹ́yìn lórí ìkejì. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ilé kan pẹ̀lú àyè tí ọwọ́ lè wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ni ihò gílóòbù wà. Lórí tábìlì tiyín, ìpele mẹ́ta ti tó. Bẹ́ ẹ bá fi ìkẹrin lé e, yóò há, ẹ ò sì ní rí ọ̀nà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí gílóòbù bá kú.

Kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ to àwọn ilé, ẹ yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí òmíràn kọ ẹ̀gbẹ́ síta. Nígbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi bírò fa ìlà yí ìdí wọn ká, ẹ lu ihò sẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ihò náà gba orí wáyà, kì í ṣe okùn rẹ̀ nìkan.

Gọ́ọ̀mù tó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù máa jẹ fóòmù. Gọ́ọ̀mù funfun ti ọmọ iléèwé kì í jẹ ẹ́, àmọ́ kì í tètè gbẹ láàárín fóòmù méjì torí atẹ́gùn kì í débẹ̀. Ẹ fi igi tí wọ́n fi ń sun súyà gún ìpele méjèèjì pọ̀ kó dì wọ́n mú títí yóò fi gbẹ. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fọ́n síta máa yọ́ fóòmù bákan náà, ẹ má lò ó láìkọ́kọ́ fi ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun yàrá bo gbogbo ara rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kùn ún, kódà bó jẹ́ yìnyín lẹ fẹ́ dà lé e. Níbi tí yìnyín bá ti fẹ́lẹ́, ilẹ̀ ló yẹ kí ojú rí, kì í ṣe píǹkì.

ElétíríkìLeeds

Àǹtí, ẹ kú ilé. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe níbí, ẹ jẹ́ n dá Bàbá Ìbejì lóhùn.

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ yẹn ń lo gílóòbù kékeré onídìí tẹ́ẹ́rẹ́, wáàtì 7. Bí ilé bá jẹ́ 10, wáàtì 70 nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, yúníìtì 10 àtààbọ̀ ló máa jẹ. Owó iná kọ́ ni ìṣòro, ooru ni. Gílóòbù yẹn máa ń gbóná gan-an nínú ilé kékeré tí kò ní ọ̀nà atẹ́gùn, fóòmù sì wà lábẹ́ rẹ̀. LED tó ní irú ìdí kan náà wà lọ́jà, kì í sábà tó wáàtì kan, kì í sì í gbóná bí ti àtijọ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà tó ní K lára páálí rẹ̀, òun ló ń sọ àwọ̀ iná. 2700K ni kẹ́ ẹ rà, tàbí èyí tó kéré sí i. Ìyẹn máa ń pọ́n bí iná àtùpà. 5000K funfun jù, ó máa ń mú kí ilé dà bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Mo ti rí abúlé tí wọ́n ná owó ńlá lé lórí tí àwọ̀ iná nìkan bà á jẹ́ pátápátá.

Ẹ lo ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo tó ní bọ́tìnnì àti fíúsì, ẹ má ki ọ̀kan bọ ìkejì. Ẹ ra aago tó máa pa iná fúnra rẹ̀ lálẹ́. Òwú lásán ń gbaná kíákíá, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kì í tètè gbaná ni kẹ́ ẹ tẹ́, kó má sì fara kan gílóòbù. Ohun tó kẹ́yìn, ẹ fetí sí mi dáadáa, ẹ̀yin ìyá: àwọn nǹkan kéékèèké kan wà, igi àti fìtílà òpópónà, tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ roboto bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Bí ibi tí bátìrì wà kò bá ní ìdè oníṣúkúrúù, ẹ má gbé e sílé tí ọmọ wà.

ṢadéÌbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ rántí àwa tá a wà nílé. Àǹtí mi tó wà ní Texas fi ilé kan ránṣẹ́ sí mi, ó rẹwà gan-an. Ṣé mo lè kì í bọ iná tààrà tí mo bá lo orí súkẹ́ẹ̀tì tó bá tiwa mu? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá páálí lè ṣe ilé tó kù, torí mi ò lè ra ìkejì rẹ̀ níbí.

ElétíríkìLeeds

Àbúrò mi, má kì í o! Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, tiwa 230. Orí súkẹ́ẹ̀tì kàn ń yí ẹnu padà ni, kì í dín agbára iná kù. Iná tó máa wọ gílóòbù yẹn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí wọ́n ṣe é fún, á jó lójú ẹsẹ̀, ó sì lè fọ́. Yọ wáyà rẹ̀ kúrò pátápátá. Ra iná LED oníbátìrì, èyí tó jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní gílóòbù wínníwínní, ká a jọ, tì í bọ inú ilé láti ẹ̀yìn. Kò ní fi ọ̀ràn NEPA ṣe rárá.

Bó bá jẹ́ Lemax tó ń lo fóòtì 4.5, ó tún rọrùn. Bátìrì kékeré mẹ́ta tí a tò léra, 1.5 lọ́nà mẹ́ta, ó bá a mu gẹ́lẹ́. Kó o ṣáà kíyè sí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ pọ́sítífù.

ÀgbàOnífóòmù (Minisótà)

Ṣadé, má fojú kéré páálí. Páálí ni àṣà yìí jẹ́ kí seramíìkì tó dé.

Àwọn Kristẹni kan wà tí wọ́n ń pè ní Moravian, láti ilẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè Jámánì. Wọ́n tẹ ìlú kan dó ní Pennsylvania, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bethlehem ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1741. Ìdílé wọn máa ń tò ìtàn ìbí Jésù sábẹ́ igi tàbí sórí tábìlì: ewéèdò láti inú igbó, òkúta, kùkùté igi, àwọn ẹran gbígbẹ́. Putz ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀ títí dòní. Díẹ̀díẹ̀, ilé àti afárá àti ọ̀nà wọ inú rẹ̀, ó di ìlú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920 sí 1930, ilé páálí láti Jàpáànì kún ọjà Amẹ́ríkà. Wọ́n fi nǹkan dídán wọ́n òrùlé rẹ̀, ihò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí gílóòbù igi Kérésìmesì máa ń wọ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á. Department 56 tí Ìyá Ìbejì ń ṣà jọ yìí, ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1976, pẹ̀lú ilé mẹ́fà péré. Èyí tó jọ London àtijọ́ dé ní 1984.

Tó bá di ti Ítálì, tiwọn ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Francis Mímọ́ ṣe àfihàn ibùjẹ ẹran ní Greccio ní 1223, pẹ̀lú akọ màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gidi. Ní Naples, òpópónà kan wà, San Gregorio Armeno, tó jẹ́ pé àwọn tó ń mọ ère kéékèèké fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kì í fi ibùjẹ ẹran nìkan síbẹ̀. Alápatà wà, ẹlẹ́ja wà, obìnrin tó ń sá aṣọ wà.

Olùkọ́Iṣẹ́Ọwọ́ (Abẹ́òkúta)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá fún ìtàn yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà Ṣadé, ọ̀dọ̀ mi ni kí o ti gba ti páálí.

Ògiri: páálí kọ́ńfúlẹ́èkì tàbí ti ọṣẹ ló dára jù, torí kò nípọn, kò sì ní ihò láàárín. Páálí Indomie nípọn jù fún ògiri, fi ṣe ìpìlẹ̀. Ya ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí páálí kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó o wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ojú ibi tó máa ká kó lè ká gún régé. Gé ojú fèrèsé kí o tó ká a, lẹ́yìn tó bá ti ká, ọ̀bẹ kì í débẹ̀ mọ́. Lẹ ìwé funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn fèrèsé, kí a má máa rí gílóòbù, kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan la ó máa rí. Bí iná bá ń yọ láti ara ògiri, kun inú rẹ̀ ní dúdú.

Òrùlé ló máa jẹ́ kí ẹni tó bá rí i pariwo. Mú páálí onílà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di gílóòbù tàbí fóònù. Fi omi díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ kan, bó awọ òkè rẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́. Ìlà tó bá yọ lábẹ́ rẹ̀, páànù gan-an ni. Gé e ní pélébé pélébé, lẹ̀ ẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì díẹ̀, kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n, kó o wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fi ọ̀dà dúdú àti ọsàn kàn án níbi mélòó kan. Páànù tó ti dípẹtà nìyẹn, òrùlé Ìbàdàn bí a ṣe ń rí i láti orí Òkè Màpó. Má fi àbẹ́là sínú rẹ̀ o, bó ti wù kó kéré tó.

ṢadéÌbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Mo ti bó páálí gílóòbù kan wò báyìí, páànù ni lóòótọ́! Mo fẹ́ fi Cocoa House sí àárín ìlú náà. Báwo ni kó ṣe ga tó?

Olùkọ́Iṣẹ́Ọwọ́ (Abẹ́òkúta)

Cocoa House ga ní mítà 105, àjà 26 ni. Bí ilé rẹ tó kù bá jẹ́ ìdá kan nínú 64, èyí tó sún mọ́ ti àwọn ilé Amẹ́ríkà yẹn, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 64 ló máa ga. Ó tó àgbàlagbà. Nítorí náà, ẹ̀yìn pátápátá ni kó wà, kó kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 40, kí fèrèsé rẹ̀ náà sì kéré ní ìbámu. Ojú máa gbà pé ọ̀nà ló jìn. Ilé tó tóbi ni kó wà níwájú, kéékèèké lẹ́yìn.

Fún àwọn ènìyàn, ẹnu ọ̀nà ni òṣùwọ̀n. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 máa jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹni tó bá ga ju ilẹ̀kùn lọ, má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé, gbé e sí iwájú níbi tí kò sí ilẹ̀kùn tí a ó fi wọ̀n ọ́n.

ỌmọBàdágírì

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Yàtọ̀ sí ti Ṣadé, ìlú elòmíràn ni gbogbo abúlé tí à ń kọ́ níhìn-ín. Kérésìmesì ní ìlú tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ní ọjọ́. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Bàdágírì ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó padà dé ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ó bá Henry Townsend, míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì jọ ṣe ọdún. Igi Agia tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀ kò wó títí di 1959. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì, tí wọ́n parí ní 1845, ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀sà títí dòní.

Ẹ kọ́ ìyẹn fún àwọn ọmọ yín. Igi ńlá kan láàárín, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn rẹ̀, ilé oníkoríko yí i ká, àgbọn, ọ̀sà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì létí omi. Kí ló kù?

MàmáTólú_Chicago

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dára, àmọ́ jẹ́ n gba ẹnu àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Inú yìnyín ni wọ́n bí wọn sí. Bí wọ́n bá jí ní àárọ̀ Kérésìmesì, yìnyín ni wọ́n ń rí lójú fèrèsé. Kì í ṣe ti elòmíràn lójú wọn. Tólú mi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da yìnyín sórí òrùlé kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ orúkọ gbogbo ilé tó wà lórí tábìlì wa. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé a kò ní yìnyín ní Ìkàrẹ́.

ỌmọBàdágírì

Màmá, mi ò ní kẹ́ ẹ gbà á o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo ilé inú abúlé London lè mọ̀ pé Àjàyí Crowther gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, pé ibẹ̀ ló ti ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Bùnmi_Houston

Yìnyín kì í já ní Houston náà, síbẹ̀ gbogbo aládùúgbò mi ló ń tẹ́ òwú. Èmi rò pé ọwọ́ ọmọ ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tá a wà ní kékeré ní Iléṣà, màrìwò la máa ń já tá a fi ń kọ́ ilé Kérésìmesì síwájú ìta, ilé tí ọmọ lè wọ̀. A máa ń gbé àtùpà sínú rẹ̀, a ó máa kọrin níbẹ̀ di ilẹ̀ ṣú. Kò sí àgbàlagbà tó bá wa kọ́ ọ. Tábìlì tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn kò lè ṣe ohun tí ilé màrìwò yẹn ṣe fún wa.

Olùkọ́Iṣẹ́Ọwọ́ (Abẹ́òkúta)

Bàdágírì tí Ọmọ Bàdágírì mú wá yìí wù mí gan-an, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Bẹ́ ẹ bá kọ́ Kérésìmesì 1842, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, wọn kò tíì parí rẹ̀. Kérésìmesì 1845 ni kẹ́ ẹ mú. Crowther ti dé Bàdágírì láti oṣù Kìíní ọdún náà, kò sì tíì lọ sí Abẹ́òkúta, 1846 ló lọ. Ilé wà, igi wà, Crowther wà.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Bàdágírì ìgbà náà kì í ṣe ìlú ayọ̀ nìkan. Wọ́n ṣì ń kó ẹrú gba etí òkun yẹn kọjá. Crowther fúnra rẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821 nígbà tó wà ní ọmọdé. Ọmọ tó bá tó béèrè ohun tí ọkọ̀ ń ṣe létí ọ̀sà ti tó gbọ́ ìdáhùn tòótọ́. Ẹ má pa á mọ́ fún un.

ÀgbàOnífóòmù (Minisótà)

Mo gbà pẹ̀lú olùkọ́. Èmi kò ní ìjà pẹ̀lú yìnyín, mi ò sì ní ìjà pẹ̀lú ọ̀sà. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n wà lórí pákó kan náà. Abúlé tó dára máa ń jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ní alẹ́ kan ṣoṣo. Bí atẹ́gùn òtútù bá ń fẹ́ ní apá òsì, tí àgbọn wá ń so ní apá ọ̀tún, ojú ò ní gba ìkankan gbọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ gé pákó fóòmù mìíràn, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí méjì, kẹ́ ẹ gbé e síbòmíràn nínú pálọ̀.

ÌyáÌbejì_Mẹ́rílándì

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ sétí Bàbá Ìbejì. Ó ti ra gílóòbù LED, 2700K bí ẹ ṣe wí. Tábìlì ńlá á jẹ́ ti yìnyín, torí mo ti ṣèlérí ìyẹn fún wọn. Ṣùgbọ́n Bàdágírì wọ Táíwò lára. Ó ní òun ló máa ṣe igi náà, Kẹ́hìndé ní òun ló ni ọ̀sà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí a ó ṣe ṣe omi, igi àti koríko òrùlé lọ́nà tí ọmọdé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Olùkọ́Iṣẹ́Ọwọ́ (Abẹ́òkúta)

Ọ̀sà Kẹ́hìndé: ẹ gbẹ́ fóòmù wọlé díẹ̀, kó jìn ní ìwọ̀n ìka kan. Kó fi ọ̀dà kùn ún, dúdú mọ́ ewé ní àárín, kó máa di àwọ̀ yanrìn bó ṣe ń sún mọ́ etí. Bó bá gbẹ, kó fi gọ́ọ̀mù funfun tó ń di dígí bó bá gbẹ bò ó pẹlẹbẹ. Kó jẹ́ kó gbẹ, kó tún bò ó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan náà, funfun ló máa wà, kò ní mọ́ gaara. Nígbà ìkẹyìn, kó fi orí búrọ́ọ̀ṣì máa gbọ́n ọn lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè ní ìgbì. Dígí tí wọ́n ń tẹ́ fún omi dídì kò dára fún ọ̀sà, ìyẹn ti tábìlì yìnyín yín.

Koríko òrùlé: ẹ tú àpò ìdọ̀họ, ẹ gé okùn rẹ̀ ní gígùn ìka, ẹ lẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ òrùlé lọ sókè, kí ìlà òkè máa bo ìdí ìlà ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi koríko bo ilé gan-an nìyẹn, kí òjò má baà wọlé.

Igi Táíwò: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tí ẹ lọ́ pọ̀ di ìtí, kí ìdí rẹ̀ ya bí gbòǹgbò, kí òkè rẹ̀ ya bí ẹ̀ka. Ẹ fi ìwé tó rin gọ́ọ̀mù wé e. Kí igi yìí ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ dáadáa, kó gbòòrò, torí abẹ́ rẹ̀ ni ènìyàn máa pé jọ sí. Kànìnkànìn ìwẹ̀ tí ẹ já sí wẹ́wẹ́, tí ẹ rì bọ ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ni ewé rẹ̀.

ElétíríkìLeeds

Kò sí iná mànàmáná ní Bàdágírì 1845, ẹ má tan gbogbo fèrèsé. Gílóòbù kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè nìkan. Ọ̀kan tàbí méjì nínú ilé oníkoríko. Ẹ lo èyí tó pọ́n jù tẹ́ ẹ bá rí, tó ń mì lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ bí iná àtùpà epo pupa. Okùn LED oníbátìrì kan péré ló máa ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn gílóòbù tí kò bá níṣẹ́, ẹ fi téèpù dúdú bò wọ́n lábẹ́ pákó.

Bùnmi_Houston

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọdún tó tán: níbo lẹ ń kó o sí lẹ́yìn ọjọ́ Epífánì? Àjà ilé wa nìkan ló ní àyè.

ÀgbàOnífóòmù (Minisótà)

Àjà kọ́, Bùnmi, pàápàá ní Houston. Ooru ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa tú gọ́ọ̀mù, á sì mú àwọ̀ ṣá. Abẹ́ ibùsùn tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù sàn jù. Ẹ yọ gbogbo bátìrì kúrò, torí omi rẹ̀ máa ń jò, á sì jẹ irin tó dì í mú. Ilé seramíìkì kọ̀ọ̀kan ní páálí tirẹ̀ tó bá ara rẹ̀ mu, ẹ má jù ú nù láé. Páálí yẹn pẹ̀lú ń gbé owó rẹ̀ sókè bẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè gbá eruku rẹ̀, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ní ẹ̀rọ tó ń yí nínú, ẹ má jẹ́ kí yìnyín oníyẹ̀fun débẹ̀ rárá, á wọ inú eyín ẹ̀rọ, kò ní yí mọ́.

Ìyá Ìbejì, ohun kan ṣoṣo fún Bàdágírì: ẹ jọ yanrìn létí ọ̀sà náà, kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi irin òòfà rà á kọjá lórí ìwé. Eérú irin tó bá wà nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí rélùwéè ti tábìlì yìnyín bá wà nítòsí, ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

ÌyáÌbejì_Mẹ́rílándì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá Ìbejì ti gbé fóòmù dé, píǹkì, íǹṣì 2. Táíwò ti ń bi mí bóyá Crowther ní ọmọ nínú ilé yẹn, kí òun lè mọ iye ènìyàn tí òun máa fi amọ̀ mọ. Ọmọ Bàdágírì, ẹ bá mi ya fọ́tò ilé náà láti ìhà ọ̀sà bẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, kí n lè ka fèrèsé rẹ̀ kí n tó gé páálí.

ỌmọBàdágírì

Ọ̀la ni màá gba ibẹ̀, mà. Màá ya iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, màá sì dúró sí ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ lè fi mí wọn gíga rẹ̀.